Ẹṣin Gígùn Kì Í Ṣe Ogún Ìdílé Nìkan: Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ àti Akoto Ṣáájú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bí a ṣe ń lo òwe yìí, ọ̀rọ̀ ipò àti agbára ló ń bá wí: kò sí ipò gíga tí ènìyàn dé tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gba òwe náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìlera gan-an ni. Gbogbo ẹni tó bá gorí ẹṣin ni yóò padà sílẹ̀. Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá ẹsẹ̀ ni yóò fi kan ilẹ̀ ni tàbí orí. Lójú tèmi, ohun méjì ló ń pinnu èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ: olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, àti akoto tí a dè dáadáa mọ́ àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun àti àwọn ìdílé Ẹlẹ́ṣin a máa gun ẹṣin jáde níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Ìlọrin, ní Kánò, ní Zaria, ní Katsina àti ní Bídà, àwọn agẹṣin a máa tò jáde láti kí ọba wọn nígbà ọdún. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO fi ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin ìlú Kánò sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba gba orí ẹ̀rọ ayélujára kan, tí àwọn ará òkè òkun sì ń béèrè pé níbo ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ohun ìwúrí ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí inú rẹ̀ kò ní dùn.

Ṣùgbọ́n bí ayẹyẹ ṣe ń gbajúmọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó fẹ́ gun ẹṣin ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ń gun ún lọ síbi ìgbéyàwó, àwọn kan ń gun ún níbi ìwúyè, àwọn mìíràn ń gbé ọmọ wọn lé e lórí ní etíkun nítorí fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún ni ìdí wọn ń kan gàárì. Wọ́n yá ẹṣin láàárọ̀, wọ́n gùn ún lọ́sàn-án, wọ́n sì dá a padà nírọ̀lẹ́. Ẹṣin náà kò mọ̀ wọ́n, àwọn náà kò sì mọ ẹṣin. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹṣin jẹ́. Ẹṣin tó ti dàgbà lè wọ̀n tó kìlógíráàmù 300 sí 500. Orí ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ yóò fi ohun tó ju mítà 2 lọ ga sí ilẹ̀. Bí ó bá ki eré mọ́lẹ̀, ó lè sáré ju kìlómítà 40 lọ láàárín wákàtí kan, ìyẹn ni pé ó lè bá ọ̀kadà dọ́gba nínú ìgboro. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà kò ní ẹ̀rù, kò sì ní ìrántí. Ẹṣin ní méjèèjì. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ẹran tí àwọn ẹranko apanijẹ ń dọdẹ rẹ̀ ni, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe bí àyà rẹ̀ bá já ni kí ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó sá. Ìró ìbọn ṣakabùlà lè bà á lẹ́rù. Agboòrùn tí a ṣí lójijì lè bà á lẹ́rù. Ọ̀rá tí atẹ́gùn gbé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ lè bà á lẹ́rù. Ta ló sì lọ sóde ayẹyẹ wa rí tí kò bá ìbọn, ìlù, fèrè, agboòrùn àti ọ̀rá níbẹ̀?

Ìtàn àwọn méjì kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà yóò là wá lóye. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Christopher Reeve, òṣèré tó ṣe Superman nínú sinimá. Kì í ṣe ẹni tí kò gun ẹṣin rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1995, níbi ìdíje kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ẹṣin rẹ̀ kọ̀ láti fo ìdènà tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó dúró gbọnin lójijì, Reeve sì fi orí sọlẹ̀. Eegun méjì tó wà lókè pátápátá nínú ọrùn rẹ̀ ló fọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2004, kò lè dá rìn mọ́, ẹ̀rọ ló sì ń bá a mí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Akoto wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọpọlọ rẹ̀ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n akoto kò lè gba ọrùn là.

Ẹnìkejì ni Courtney King-Dye, obìnrin tó ṣojú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ó ń fi ẹṣin kan dánra wò ní ìpínlẹ̀ Florida nígbà tí ẹṣin náà kọsẹ̀ tó sì ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Kò dé akoto. Agbárí rẹ̀ fọ́, ó sì wà ní dídákú fún nǹkan bí oṣù kan. Ó yè é, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́ ìrìn rírìn àti ọ̀rọ̀ sísọ padà, ó sì di ẹni tó ń rọ àwọn agẹṣin káàkiri ayé pé kí wọ́n máa dé akoto nígbà gbogbo.

Ìtàn àkọ́kọ́ fi yé wa pé akoto nìkan kò tó. Ìtàn kejì fi yé wa pé ìmọ̀ nìkan kò tó. Bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ń wẹ tòsì ni ọ̀rọ̀ wọn rí. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fi ẹṣin gígùn ṣe iṣẹ́ tàbí eré ìdárayá wọn, kí ni kí a wí nípa ẹni tó jẹ́ pé àná ni wọ́n fi ẹṣin hàn án?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ṣé àwọn baba ńlá wa kọ́ ẹ̀kọ́ kankan kí wọ́n tó gun ẹṣin? Ṣé wọ́n dé akoto?” Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ ju tiwa lọ. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tí àwọn ọmọ ogun agẹṣin jẹ́ òpó agbára ìjọba náà, iṣẹ́ ni ẹṣin gígùn, kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó ìsàlẹ̀. Ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi lé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ní ààfin Aláàfin, oyè Ọlọ́kùn Ẹṣin wà, ẹni tó jẹ́ pé ìtọ́jú ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹṣin nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwa tí a gba aṣọ àti orúkọ ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ wọn ni a ju ẹ̀kọ́ náà nù sójú ọ̀nà.

Èdè wa pàápàá ń jẹ́rìí sí i. Bí ẹnìkan bá ní ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, a ń sọ pé lìkáfà rẹ̀ ti lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò mọ̀ pé irin tí agẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì ni lìkáfà, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Hausa. Olùkọ́ ẹṣin gígùn ló mọ ìgbà tó yẹ kí a gbé lìkáfà sókè àti ìgbà tó yẹ kí a gbé e sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ bí a ti ń jókòó, kò sí ìgbéga fún un níbẹ̀.

Kí ni olùkọ́ gidi ń ṣe? Kí ó tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gun ohunkóhun, yóò bi í ní ìbéèrè: ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, báwo ni o ṣe wúwo sí, ǹjẹ́ o ní ìṣòro ẹ̀yìn, ǹjẹ́ gìrì máa ń gbé ọ, ǹjẹ́ o lóyún? Lẹ́yìn náà ni yóò yan ẹṣin fún un, kì í ṣe èyí tó dára jù lójú, bí kò ṣe èyí tó ti dàgbà, tó sì fara balẹ̀ jù lọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ a máa wáyé lórí ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ pé a kì í gba ẹ̀yìn lọ bá ẹṣin, nítorí pé kì í rí ohun tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ìpá rẹ̀ sì lè fọ́ eegun. Ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì la ń gbà lọ bá a, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Yóò kọ́ bí a ṣe ń wo etí ẹṣin: bí ó bá nà án síwájú, nǹkan kan ló ń wò, bí ó bá fi lélẹ̀ pátápátá sẹ́yìn, inú ń bí i, ó sì lè gé ènìyàn jẹ. Yóò kọ́ bí a ṣe ń wo abẹ́ gàárì bóyá ojú egbò wà níbẹ̀, nítorí pé ẹṣin tí ara ń ro ni ẹṣin tó ń ju ènìyàn nù. Yóò kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀já gàárì, tí a sì tún ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì kí a tó gùn ún. Gàárì tó yí sí ẹ̀gbẹ́ ti gbé ọ̀pọ̀ agẹṣin ṣubú.

Nígbà tó bá tó àkókò láti gùn ún, olùkọ́ kò ní já okùn lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Yóò so okùn gígùn kan mọ́ ẹṣin, yóò dúró ní àárín, ẹṣin yóò sì máa yí i ká. Nípa bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ló ń darí ẹṣin, akẹ́kọ̀ọ́ sì ráyè kọ́ bí a ṣe ń jókòó. Ojú síwájú, kì í ṣe nílẹ̀. Èjìká wálẹ̀. Kí ojú ẹsẹ̀ nìkan wà nínú lìkáfà, kí gìgísẹ̀ sì wà nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ wọlé tán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú lìkáfà nígbà tó ṣubú, ẹṣin lè wọ́ ọ lọ. Ìdí nìyí tí olùkọ́ kì í fi gba sálúbàtà tàbí sílípáàsì, bí kò ṣe bàtà tó bo ẹsẹ̀, tó sì ní gìgísẹ̀ díẹ̀. Yóò kọ́ ọ pé okùn ìjánu kì í ṣe ohun tí a ń rọ̀ mọ́ láti má ṣubú, nítorí pé irin tó wà lẹ́nu ẹṣin a máa dùn ún. Bí a bá ń fà á, ṣe ni a ń bí ẹṣin nínú. Yóò kọ́ ọ pé a kì í wé okùn náà mọ́ ọwọ́. Yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró kí ó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń sáré. Ní ìgbẹ̀yìn, yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣubú: kí a yọ ẹsẹ̀ kúrò, kí a má na ọwọ́ gbọọrọ sílẹ̀ nítorí eegun ọrùn-ọwọ́, kí a ká ara kò, kí a sì yí kúrò lọ́nà pátákò ẹsẹ̀ ẹṣin.

Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹṣin níbi ọdún, ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí ara rẹ̀ àti ti ẹṣin náà lè mọwọ́ ara wọn. Bí olùkọ́ kan bá jẹ́ kí o sáré ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí kò bi ọ́ ní ìbéèrè kankan nípa ìlera rẹ, tí kò sì ní akoto fún ọ, wá ẹlòmíràn.

Níbo la ti lè rí olùkọ́? Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù póòlò ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ọdún 1904 ni wọ́n dá ti ìlú Èkó sílẹ̀, irú rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn, Kàdúná, Kánò, Jos àti Abuja. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ní ẹ̀ka àwọn agẹṣin. Ní irú àwọn ibi báyìí ni ìdílé tó ń wá olùkọ́ ti lè béèrè. Òótọ́ ni pé owó yóò jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí a ń ná lórí aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀, bàtà, ẹ̀ṣọ́ ara ẹṣin àti oúnjẹ àlejò. Ìdílé kan lè pawọ́ pọ̀ gba olùkọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo àwọn tí yóò gùn ún lọ́dún náà. Owó náà kò ní tó èyí tí ilé ìwòsàn yóò gbà lórí orí kan tó fọ́.

Ohun tó le ju owó lọ fún ọ̀pọ̀ wa ni ìgbéraga. Ó ṣòro fún baálé ilé, ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ní oyè, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹṣin máa pàṣẹ fún un pé, “Bàbá, ẹ gbé gìgísẹ̀ yín wálẹ̀. Bàbá, ẹ má fa okùn.” Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni oyè. Lórí ẹṣin, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ni àṣẹ, ẹṣin kò sì mọ olóyè yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ẹṣin dẹ́rù bà á. Eré ìdárayá tó dára ni. Ó ń fún iṣan itan, ikùn àti ẹ̀yìn lókun, ó sì ń kọ́ ara bí a ṣe ń dúró déédéé. Bí ẹṣin ṣe ń rìn, ó ń mi ìbàdí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ bí ìgbà tí onítọ̀hún ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣan àti eegun ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń lò ó láti ran àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn fara pa nígbà ìbí lọ́wọ́, tí iṣan wọn sì le gbagidi. Kì í ṣe oògùn tó ń wo àrùn náà sàn, ìrànlọ́wọ́ ni, abẹ́ àmójútó ẹni tó mọ̀ ọ́n ni a sì ti ń ṣe é.

Àpẹẹrẹ tó wú mi lórí jù lọ ni ti Lis Hartel, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Denmark. Ní ọdún 1944, nígbà tó wà nínú oyún, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún wálẹ̀ sì kú. Kò gbà pé ó ti parí. Ó tún ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1952, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki, wọ́n gbé e lé ẹṣin, ó bá àwọn ọkùnrin díje, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà, wọ́n sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó gba fàdákà mìíràn ní ọdún 1956. Láti ọdún 1996 sì ni ẹṣin gígùn ti wà nínú ìdíje Paralympics ti àwọn akanda ẹ̀dá. Orílẹ̀-èdè wa mọ àrùn náà dáadáa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò rẹ̀ tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó ti sọ di aláàbọ̀ ara ṣì wà láàárín wa. Bí a bá ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ fún irú wọn, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ nìkan ni a óò máa rí wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí akoto, nítorí pé níbẹ̀ ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Wọ́n ní yóò ba ẹwà jẹ́, pé báwo ni ènìyàn yóò ṣe wọ agbádá, tí yóò sì dé akoto dípò fìlà? Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan ló ní fìlà. Ní ẹ̀ka ìdíje kan nílẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ẹṣin ti ń rìn bí ẹni ń jó, àwọn agẹṣin ti ń dé fìlà dúdú gíga kan láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì kà á sí ọlá. Láti ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ẹlẹ́ṣin lágbàáyé ti sọ akoto di dandan níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n fi fìlà sílẹ̀, ìdíje wọn kò pa rẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe é bí a ṣe ṣe ti ọ̀kadà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò ọ̀dà, kí wọ́n má baà mú wọn. Ayé rín wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igbá kò mọ̀ pé eré ni, bí orí bá kanlẹ̀, yóò fọ́ ni. Akoto tí a ṣe fún ẹṣin gígùn ní nọ́ńbà ìdánilójú nínú rẹ̀, irú bí ASTM F1163 tàbí PAS 015. Ó gbọ́dọ̀ bá orí mu, kí ó má mì, kí okùn rẹ̀ sì wà ní dídè. Bí ó bá ti gba ìkọlù lẹ́ẹ̀kan, a kì í lò ó mọ́, bí kò tilẹ̀ hàn pé ó fọ́.

Àbá tèmi nìyí. Níbi ìdánrawò, kí gbogbo ènìyàn dé akoto, àgbà àti ọmọdé. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, kí àwọn aránṣọ wa fi òfì tàbí ẹtù rán ìbòrí tó fúyẹ́, tí a lè fi bo akoto, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ti aṣọ ìdílé mu. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé fìlà ni òun yóò dé, kí ẹṣin rẹ̀ má ṣe ju ìrìn lásán lọ, kí olùtọ́jú ẹṣin sì di okùn rẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ní ti ọmọdé, kí ó má sí àyè fún àwáwí rárá. Ọmọ tí kò dé akoto, kí ó má gorí ẹṣin.

Èyí kan àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wọn lọ sí etíkun. A sábà ń rí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gbé lé ẹṣin tí ó ti ń rìn láti àárọ̀ nínú oòrùn, ẹsẹ̀ ọmọ kò dé lìkáfà, akoto kò sí, ẹni tó di okùn mú sì ń wo ẹni tí yóò tún sanwó. Fọ́tò ìṣẹ́jú méjì ni òbí ń wá. Bí ẹ kò bá rí akoto níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin ní ọwọ́ yín, kí ẹ ya fọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Yóò dára síbẹ̀.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà: aláboyún, ẹni tí wárápá ń ṣe, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí eegun rẹ̀ ti gbó, àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn púpọ̀. Kí gbogbo ẹni tó ń sún mọ́ ẹṣin sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ipá, nítorí pé kòkòrò àrùn náà a máa wà nínú ilẹ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹṣin, ojú egbò kékeré ló sì ń gbà wọlé.

Bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹ má ṣe sáré gbé e dìde. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí, ẹ má sì gbà á létí pé kí ó jí. Ẹ mú ẹṣin kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má baà yí, kí ẹlòmíràn sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112. Bí ó bá ń bì, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi, bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, bí oorun bá ń kùn ún ju bó ti yẹ lọ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń to eegun, ṣùgbọ́n orí àti ọrùn kì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀.

Ní ìparí, mo rọ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò Ojúde Ọba àti gbogbo ayẹyẹ ẹlẹ́ṣin nílẹ̀ yìí pé kí wọ́n má ṣe gba orúkọ agẹṣin kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ kan jẹ́rìí sí i pé ó ti kọ́ ọ. Kí ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì àti àwọn elétò ìlera wà níbẹ̀, kí ìyàn ìbọn sì jìnnà sí ibi tí àwọn ẹṣin wà. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ní etíkun fi akoto ṣe dandan fún àwọn tó ń fi ẹṣin pawó. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, ìdílé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwọn olórí ìdílé bá kọ́kọ́ lọ jókòó níwájú olùkọ́, tí wọ́n sì kọ́kọ́ dé akoto, kò sí ọmọ tí yóò kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀.